Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Rélùwéè Láti Orílẹ̀-èdè Kan sí Òmíràn ní Yúróòpù

Gbogbo lẹ́tà tó wà lójú ewé yìí lóṣù yìí dá lórí rélùwéè tó ń sọdá ẹnubodè ní Yúróòpù. A gé àwọn kan kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ń padà wá nínú ìdáhùn wa: kí ẹ tó wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹyọ kan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí ó jẹ́ méjì tí kò mọ ara wọn rí.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi rélùwéè lọ láti London sí Barcelona, a kò fẹ́ wọ bàálù rárá. Ṣé ọjọ́ kan lè tó o? Èwo ni ká kọ́kọ́ rà nínú àwọn tíkẹ́ẹ̀tì yẹn? — Òǹkàwé kan, London

Ọjọ́ kan tó o, bí ẹ bá lè tètè jí. Kò sí ọkọ̀ tó lọ tààrà. Ẹ ó wọ Eurostar láti St Pancras dé Gare du Nord ní Paris, ẹ ó gba inú ìlú kọjá lọ sí Gare de Lyon, níbẹ̀ ni ẹ ó ti wọ TGV INOUI, ọkọ̀ ayárabíàṣá tí SNCF, ilé-iṣẹ́ rélùwéè Faransé, ń wà lọ sí Barcelona Sants. Eurostar ń lò tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20. TGV ń lò tó wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45, ó sì ń gba Valence, Nîmes, Montpellier, Perpignan, Figueres àti Girona kọjá. Bí ẹ bá fi wákàtí 2 sílẹ̀ fún ìrìn inú Paris, gbogbo rẹ̀ ti lé ní wákàtí 11, a kò sì tíì ka àkókò tí ẹ ó fi dúró ní St Pancras mọ́ ọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì Barcelona ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Eurostar láti London sí Paris pọ̀ lójúmọ́, èyí tó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, òmíràn ń bọ̀. Ọkọ̀ tó lọ tààrà láti Paris sí Barcelona kò pọ̀ rárá, òun ni yóò sọ aago tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní London. Títí di Oṣù Kejìlá 2022, SNCF àti Renfe, ilé-iṣẹ́ rélùwéè Sípéènì, ló jọ ń wa ọ̀nà yìí. Wọ́n ti pínyà. SNCF ló ń wa Paris sí Barcelona báyìí. Láti 2023 ni Renfe ti ń wa Barcelona sí Lyon àti Madrid sí Marseille ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wá ọkọ̀ Paris lórí ìkànnì Renfe tí ẹ kò rí i, ẹ má rò pé ó ti tán. Ìkànnì SNCF Connect ni kí ẹ lọ.

SNCF kì í ṣí ọjà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Sáà kan lódindi ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń kéde ọjọ́ tí yóò ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ rìn lásìkò ìsinmi ọmọ iléèwé, kó kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, torí owó pọ́ọ́kú kì í pẹ́ tán. Bí Eurostar bá ti ṣí ti ọjọ́ yín kí SNCF tó ṣí tirẹ̀, ẹ ní sùúrù, tàbí kí ẹ ra Eurostar tí wọ́n á gbà yín láàyè láti pààrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka òfin ìpààrọ̀ náà dáadáa.

Aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ọkọ̀ wà ni. Paris fi wákàtí kan ṣáájú London. Ọkọ̀ tó kúrò ní London ní aago 8:00, nǹkan bí aago 11:20 ní Paris ni yóò dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lo wákàtí 3 lójú ọ̀nà. Àìmọye èèyàn ló ti fi èyí ṣi ìṣirò ṣe tí wọ́n sì ra ọkọ̀ kejì tí wọn kò lè bá.

St Pancras kò dà bí ibùdókọ̀ yòókù. Wọ́n ń ti ẹnu ọ̀nà pa ní ìṣẹ́jú 30 kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹni tó bá sì dé ní ìṣẹ́jú 29, ó ti pẹ́. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹrù yín yóò gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá, ọlọ́pàá ẹnubodè Faransé yóò sì yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò níbẹ̀ ní London. Ìlú Ọba kò sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó mú àyẹ̀wò ìwé kúrò láàárín ara wọn. Káàdì tàbí físà ìgbé ní Ìlú Ọba kò lè ṣe iṣẹ́ físà Schengen. Bí orílẹ̀-èdè tó fún yín ní páásípọ́ọ̀tù bá wà lára àwọn tí wọ́n ń bi ní físà, kí físà náà ti wà lọ́wọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà. Láti 12 Oṣù Kẹwàá 2025 ni ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní EES ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú àwọn àlejò tí kì í ṣe ọmọ EU. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Láti Gare du Nord sí Gare de Lyon, ẹ wọ RER D, rélùwéè inú ìlú Paris: ibùdó kejì ni, Châtelet–Les Halles ló wà láàárín. Lórí ọkọ̀ kò tó ìṣẹ́jú 10. Ohun tó ń jẹ àkókò ni ìlà níwájú ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àti àtẹ̀gùn tí ẹ ó fi ẹrù gùn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì RER sórí fóònù pẹ̀lú áàpù Île-de-France Mobilités kí ẹ tó dé. Ní Gare de Lyon, gbọ̀ngàn kan ń lo lẹ́tà láti A dé N, èkejì ń lo nọ́ńbà láti 5 sókè. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ọkọ̀ tó lọ ni wọ́n ń gbé orúkọ pèpéle jáde, ìṣẹ́jú 2 kó tó lọ ni ilẹ̀kùn ń pa dé.

Ní ti ẹrù, Eurostar gba àpótí 2 tí gígùn wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 85 lọ, pẹ̀lú àpò ọwọ́ kan. TGV INOUI gba àpótí 2 tí kò ju 70 × 90 × 50 lọ, pẹ̀lú àpò kékeré kan tí kò ju 40 × 30 × 15. Kí orúkọ yín wà lára gbogbo rẹ̀. Wọ́n lè bu owó ìtanràn 50 yúrò lé ẹni tó bá rú òfin náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, ẹ rántí pé wọ́n ń yẹ ẹrù wò ní Barcelona Sants náà, ẹ dé ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú ó kéré tán.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí kò mọ ara wọn ni tiyín yìí. Bí ẹ bá ní ọjọ́ tó pọ̀, ẹ wọ Eurostar ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sùn sí Paris nítòsí Gare de Lyon, kí ẹ wọ ọkọ̀ Barcelona láàárọ̀. Owó hótẹ́ẹ̀lì kan ṣáà kéré ju owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún ẹni méjì tí a rà lójú ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ọjọ́ kejìdínlógún Oṣù Kejìlá. Ìkànnì náà ní kò sí ọkọ̀. Ṣé wọ́n ti pa ọ̀nà náà tì ni? — Òǹkàwé kan, Zürich

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo rélùwéè Yúróòpù ló ń pààrọ̀ ìwé àkókò wọn lọ́jọ́ kan náà lọ́dún, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé kejì nínú Oṣù Kejìlá. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì tó ni ọ̀nà náà kò bá tíì fẹnu kò lórí ìwé tuntun, kò sí ohun tí wọn ó tà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ojú irin náà máa ń ṣe irú rẹ̀: wọn á pa ọjọ́ díẹ̀ mọ́ títí wọn ó fi mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí ẹ wá ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá wà níbẹ̀, tiyín ń bọ̀.

Ọkọ̀ kan náà láti Praha sí Berlin, wákàtí kan náà, kọ́ọ̀ṣì kan náà. Ìkànnì ČD (rélùwéè Czech) ní iye kan, ti DB (rélùwéè Jámánì) ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ṣé jìbìtì wà nínú rẹ̀ ni? — Òǹkàwé kan, Dresden

Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ méjì ló jọ ń wa ọkọ̀ náà, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní iye ìjókòó owó pọ́ọ́kú tó gbé kalẹ̀. Ti ČD lè ṣì kù nígbà tí ti DB ti tán. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ó lè yí padà. Kí a máa wo ìkànnì orílẹ̀-èdè tí a ti ń gbéra àti ti èyí tí a ń lọ, ìyẹn ni àṣà tó ń fi owó pa mọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, kò sì gba ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Fún Wien sí München, ẹ wo ÖBB ti Austria, ẹ sì wo DB. Fún Zürich sí Milano, ẹ wo SBB ti Switzerland àti Trenitalia ti Ítálì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú èyí tó kéré, ẹ ka ohun tó so mọ́ ọn. Ní DB, Flexpreis jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ èyíkéyìí lọ́jọ́ náà. Sparpreis so yín mọ́ ọkọ̀ kan pàtó. Ẹ lè dá a padà kó tó di ọjọ́ ìrìnnà, wọn á sì yọ díẹ̀ nínú owó yín. Super Sparpreis kò ṣeé dá padà rárá. ÖBB ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sparschiene. Nínú gbogbo irú wọ̀nyí, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé tiyín láìgba àṣẹ, ẹ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ẹ ó sì san ìtanràn. DB fúnra rẹ̀ ń tú ìdè náà bí ó bá hàn pé ẹ ó pẹ́ tó ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ.

Àwọn alágbàtà bíi Trainline, Omio àti Rail Europe wúlò nígbà tí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan bá kọ káàdì yín, tàbí tí ẹ fẹ́ rí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lójú ewé kan. Àwọn mìíràn nínú wọn ń bu owó iṣẹ́ lé e. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni ẹ ó gbà kọjá láti pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tàbí gba owó padà. Ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-iṣẹ́ rélùwéè lè wò yín lójú kó ní òun kò lè fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ìkìlọ̀ kan lórí ìkànnì ìlú mìíràn: ẹ kọ orúkọ ibùdókọ̀ bí àwọn onílé ṣe ń kọ ọ́. Wien Hbf, Praha hl.n., München Hbf, Köln Hbf, Firenze S. M. Novella. Orúkọ tí ẹ mọ̀ ìlú náà mọ́ lédè mìíràn lè gbé yín lọ sí abúlé kan.

Mo ra Hamburg sí Köln lọ́tọ̀, mo ra Köln sí Brussels lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, torí pé ó dín ní 22 yúrò. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́ ìṣẹ́jú 50, ìkejì ti lọ kí n tó débẹ̀, wọ́n sì ní kí n ra tuntun. Ta ló jẹ mí lówó? — Òǹkàwé kan, Hamburg

Ẹ kú àṣedànù owó. Kò sẹ́ni tó jẹ yín lówó. Ẹni tó ta Köln sí Brussels kò bá yín ṣe àdéhùn kankan nípa bí ẹ ó ṣe dé Köln. Ẹni tó gbé yín dé Köln náà sì bọ́: òfin EU lórí ẹ̀tọ́ èrò rélùwéè, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2021/782, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 7 Oṣù Kẹfà 2023, kò fún èrò ní owó gbà-má-bínú àfi tí ìpẹ́ bá tó ìṣẹ́jú 60 níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì parí sí. 50 ni tiyín, Köln sì ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn parí sí.

Ẹ wá wo bí ì bá ti rí ká ní ẹyọ tíkẹ́ẹ̀tì kan láti Hamburg dé Brussels ni ẹ rà, ká sọ ní 80 yúrò. Ìpẹ́ ìṣẹ́jú 50 yẹn ì bá ti di nǹkan bí wákàtí 2 ní Brussels. Ìpẹ́ ìṣẹ́jú 60 sí 119 ń fún yín ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn 20 yúrò. Ìṣẹ́jú 120 sókè ń fún yín ní ìdá 50, ìyẹn 40 yúrò. Wọn ì bá sì ti gbé yín sórí ọkọ̀ tó kàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ti àlọ àti àbọ̀, ìdajì owó náà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Ìṣirò tí kò bá tó 4 yúrò, wọ́n lè má san án.

Ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí èrò púpọ̀ kò mọ̀. Bí ó bá hàn pé ìpẹ́ yóò tó ìṣẹ́jú 60, ọwọ́ yín ni ìpinnu wà: ẹ lè gba owó yín padà, ẹ lè máa lọ lọ́nà mìíràn lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ lọ lọ́jọ́ mìíràn tó rọ̀ yín lọ́rùn. Tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá sọ ọ̀nà àbáyọ fún yín láàárín ìṣẹ́jú 100 lẹ́yìn àkókò tó yẹ kí ọkọ̀ gbéra tàbí kí ẹ bá ọkọ̀ kejì, ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tàbí bọ́ọ̀sì mìíràn fúnra yín kí ẹ sì béèrè owó náà lọ́wọ́ wọn. Oúnjẹ àti nǹkan mímu tó bá ìdúró náà mu wà nínú rẹ̀, hótẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ yín lójú ọ̀nà. Gbogbo rísíìtì ni kí ẹ tọ́jú. Oṣù 3 ni ẹ ní láti béèrè owó gbà-má-bínú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kúpọ́ọ̀nù ìrìnnà san án, ẹ lè ní owó gidi ni ẹ fẹ́.

Ibi tí wọ́n ti lè yẹra fún sísan ni ojú ọjọ́ tó burú jáì, èèyàn tó wà lójú irin, jíjí wáyà àti irú bẹ́ẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fúnra wọn kò sí lára rẹ̀, ẹ má gbà tí wọ́n bá sọ pé ó wà níbẹ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹyọ kan ni? Bí ẹ bá san owó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà méjì ló jáde, wọ́n gbà pé ó so pọ̀, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ kedere pé àdéhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí alágbàtà bá fúnra rẹ̀ kó tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ tà fún yín láìsọ pé wọn kò so pọ̀, tí ẹ sì tàsé ọkọ̀ kejì, òfin ní kó dá gbogbo owó padà, kó tún san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kékeré yẹn fi máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ẹ ti ń sanwó. Ẹ ka á.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀nà kan ṣì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbìyànjú kí ẹ tó ra tuntun. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi DB, ÖBB, SBB, SNCF àti SNCB ti Belgium wà nínú àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní AJC, tó fàyè gba èrò tó tàsé ọkọ̀ lórí ìrìnnà tó sọdá ẹnubodè láti wọ ọkọ̀ tó kàn ti ilé-iṣẹ́ kan náà, bí àyè bá wà. Inú ọkọ̀ tó ń pẹ́ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹ ní kí olùyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì kọ ìpẹ́ náà sílẹ̀ tàbí kó lu òǹtẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ sí tábìlì ìsọfúnni pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ kankan. Àánú ló jọ ju ẹ̀tọ́ lọ, ẹ fi ohùn tútù béèrè.

Ní ti 22 yúrò yẹn: ní 2024, ìdá 62.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn DB fi dé lásìkò, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí ìpẹ́ rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n ti kà sí pé ó dé lásìkò. Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Jámánì, kó fi wákàtí kan àbọ̀ sí àárín, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ̀ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni yóò wọ̀.

Káàdì báǹkì mi ń kọ̀ lórí ìkànnì rélùwéè, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ń gòkè bí mo ṣe ń gbìyànjú. — Òǹkàwé kan, Lisboa

Ẹ dúró díẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tẹ ìjókòó, ìkànnì náà fi í pa mọ́ fún yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí sísanwó kò ṣe yọrí, ìjókòó owó pọ́ọ́kú náà ṣì wà ní títì, ẹ̀ ń rí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ fún un ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, yóò sábà padà. Ní àkókò yẹn, ẹ wo àkáǹtì yín bóyá wọ́n ti mú owó, ẹ sì wo ímeèlì yín títí kan àpótí pàǹtírí, kí ẹ má baà ra á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ lọ sí nọ́ńbà fóònù tí ẹ kò lò mọ́. Ìdí kejì ni orúkọ: àwọn ìkànnì kan kò gba àmì orí lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà ní ìlà ìsàlẹ̀ páásípọ́ọ̀tù, láìsí àmì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ lo alágbàtà.

Ṣé Interrail, páàsì kan tí a fi ń wọ rélùwéè ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, kò ní ná mi lówó ju tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ? Ìlú márùn-ún ni mo fẹ́ dé. — Òǹkàwé kan, Utrecht

Ìlú tí ẹ fẹ́ dé ló máa sọ. Ẹ mú iye owó páàsì, ẹ pín in sí iye ọjọ́ ìrìnnà tó wà nínú rẹ̀ (4, 5, 7 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), kí ẹ fi owó ìjókòó lé e. Ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì lásán bá kéré ju iye yẹn lọ, ẹ má fi páàsì ṣòfò lọ́jọ́ náà. Lórí ọ̀nà bíi Amsterdam sí Berlin, Berlin sí Praha, Praha sí Wien, páàsì dùn: kò pọn dandan láti sanwó ìjókòó, ẹ lè jí kí ẹ wọ ọkọ̀ tó wù yín. Eurostar, TGV, Frecciarossa ti Ítálì àti AVE ti Sípéènì kò rí bẹ́ẹ̀. Dandan ni owó ìjókòó níbẹ̀, iye ìjókòó tí Eurostar àti TGV sì yà sọ́tọ̀ fún onípáàsì kò pọ̀, ó sì lè tán nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó ṣì wà. Ẹni tó fẹ́ lọ Paris, Barcelona àti Madrid nìkan, a kò ní kó ra páàsì, bí kò bá jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó ti gòkè.

Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń gbé ní Yúróòpù lábẹ́ òfin ń ra Interrail, ohun yòówù kí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń gbé níbòmíràn ń ra Eurail. Nínú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé, ọjọ́ kan láti jáde àti ọjọ́ kan láti padà ni Interrail fún yín. Ọkọ̀ òru tó gbéra kí aago 12 òru tó lù, ọjọ́ tó gbéra nìkan ló ń jẹ, bí ẹ kò bá pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn aago 12. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ náà sínú páàsì lórí áàpù kí ẹ tó wọ̀ ọ́; olùyẹ̀wò tó bá bá yín láìṣe bẹ́ẹ̀ á kà yín sí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ òru láti Wien sí Venezia: ṣé ìjókòó lásán tó, àbí ká san owó bẹ́ẹ̀dì? — Òǹkàwé kan, Bratislava

Ẹ san owó bẹ́ẹ̀dì. Nightjet tí ÖBB ń wà ní ìpele mẹ́ta. Ìjókòó ni ó kéré jù, iná àti ìlẹ̀kùn kò sì ní jẹ́ kí ẹ sùn, èèyàn ń wọlé ó ń jáde ní gbogbo ibùdó. Couchette jẹ́ bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́, 4 tàbí 6 nínú yàrá kan, pẹ̀lú ìrọ̀rí, aṣọ ìbora àti oúnjẹ àárọ̀ díẹ̀. Obìnrin tó ń dá rìn lè béèrè yàrá àwọn obìnrin nìkan. Yàrá oorun gidi gba ẹni 1 sí 3, ó ní ibi ìfọwọ́. Lórí ọkọ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2023, àpótí oorun ẹlẹ́nìkan tún wà, ó dára fún ẹni tí kò ga púpọ̀ tí àyè há-há kò sì bà lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀dì ló ń kọ́kọ́ tán, ìjókòó ló ń gbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìnnà.

Ohun tó ń da àwọn èrò òru láàmú jù ni pé ọkọ̀ máa ń pín lójú ọ̀nà. Ní òru, ní Salzburg tàbí Villach, wọ́n ń tú àwọn kọ́ọ̀ṣì láti Wien àti München, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn sí ibi tí oníkálukú ń lọ. Ẹni tó bá lọ sùn nínú kọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè jí ní Ítálì nígbà tí Zürich ni ó ń lọ. Ẹ wo nọ́ńbà kọ́ọ̀ṣì lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ti ara ọkọ̀, ẹ sì ka ìlú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Venezia Mestre wà lórí ilẹ̀, kó tó di afárá. Venezia Santa Lucia ló wà lójú omi, òun ni ìparí. Bí hótẹ́ẹ̀lì yín bá wà ní inú ìlú àtijọ́, ẹ má sọ̀kalẹ̀ ní Mestre bí ẹ bá rí “Venezia” lára ògiri. Ẹ má sì ra ọkọ̀ òwúrọ̀ mìíràn tó súnmọ́ àkókò tí ẹ ó dé. Òru ni wọ́n ń ṣe àtúnṣe ojú irin, ọkọ̀ òru ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí àyẹ̀wò ìwé nínú Schengen? — Òǹkàwé kan, Lille

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti 16 Oṣù Kẹsàn-án 2024, Jámánì ti mú àyẹ̀wò padà sí gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń ṣe é. Ọlọ́pàá máa ń wọ ọkọ̀ ní ibùdó tó súnmọ́ ibodè. Páásípọ́ọ̀tù gan-an pẹ̀lú káàdì ìgbé ni kí ẹ mú dání, àwòrán orí fóònù kò tó.

Ọmọ mélòó ló lè bá wa wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? — Òǹkàwé kan, Lyon

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Lórí Eurostar, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gba ìjókòó tirẹ̀. Nínú Jámánì, ọmọ ọdún 0 sí 5 kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì; ọmọ ọdún 6 sí 14 ń bá ẹni tó ti pé ọdún 15 lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn DB, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń rà á. Kò ṣeé fi kún un lẹ́yìn náà. Interrail gba ọmọ 2 tí kò ju ọdún 11 lọ fún àgbàlagbà kan. Ọmọ tó bá máa gba London kọjá gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Bí orúkọ ìdílé rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ dání pẹ̀lú lẹ́tà òbí kejì.